Ìgbẹ́ àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú àwọn tó sanra: ohun tí wọ́n rí ní Amsterdam nípa àtọ̀gbẹ

Màmá mi ló bi mí léèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń lo oògùn ṣúgà, ẹnìkan wá fi voice note ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp pé àwọn òyìnbó ti ń fi ìgbẹ́ wo àtọ̀gbẹ báyìí, pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa fi síni nínú, èèyàn á sì da metformin, oògùn ṣúgà tí wọ́n ń lò, nù. Màámi ní kí n lọ wò ó bóyá òótọ́ ni, pé kí n má kàn ní irọ́ ni bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo lọ kà á, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kà á lálaalẹ́, ohun tí mo bá níbẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí voice note yẹn sọ lọ, ó tún yàtọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Amsterdam, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ni ọ̀rọ̀ náà wà, ní họsipítù yunifásítì wọn tí wọ́n ń pè ní AMC nígbà yẹn. Anne Vrieze, Max Nieuwdorp àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó ọkùnrin 18 jọ, wọ́n sì gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2012. Gbogbo àwọn ọkùnrin yìí ló sanra, ọ̀rá ti jókòó sí wọn níkùn, ara wọn sì ti ń kọ etí ikún sí ínsúlínì, ohun tí ara ń ṣe láti fi lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀gbẹ ò tíì mú wọn pátápátá o, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ni wọ́n dúró sí, kò sì sẹ́ni tó ń lo oògùn ṣúgà nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi eléyìí sọ́kàn torí ibí yìí gan an ni voice note yẹn ti kọ́kọ́ ṣìnà, àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe irú màmá mi tó ti ń bá ṣúgà jà láti ọdún gbọọrọ.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Wọ́n wá àwọn ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ara wọn dá ṣáṣá, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n yẹ ìgbẹ́ wọn wò pé kò sí àìsàn tó ń ràn níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe é, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn á mú ìgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà wá, wọ́n á pò ó mọ́ omi iyọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe dírípù, wọ́n á wá sẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì kí eèrí ẹ̀ lè kúrò, omi ẹ̀ tí bakitéríà, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé inú ìfun, wà nínú ẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó máa gbà á náà ti mu oògùn tó fọ ìfun ẹ̀ mọ́ tónítóní. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á gba imú ẹ̀ wọlé, á gba ọ̀nà ọ̀fun, á kọjá àpò oúnjẹ, á dé ibi tí ìfun kékeré ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọra tú omi yẹn sí. Kò gba ẹnu rárá, kò sí pé èèyàn ń tọ́ ọ wò.

Wọ́n wá ṣẹ́ kèké. Àwọn 9 gba ti ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn 9 yòókù, ìgbẹ́ tara wọn gan an ni wọ́n fi omi pò, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n dá padà sí wọn nínú. Ẹni tó gbà á ò mọ èyí tí òun gbà, àwọn tó ń wọn nǹkan lára ẹ̀ náà ò mọ̀. Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wọn, torí fífọ ìfun nìkan ti tó láti da nǹkan rú nínú ikùn, rọ́bà tó gba imú náà ò kéré, ká ní wọn ò ní ẹgbẹ́ kejì tí wọ́n ṣe gbogbo nǹkan kan náà fún, ẹnikẹ́ni lè sọ pé fífọ yẹn ló ṣe é, tàbí pé ìbẹ̀rù dókítà ló jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Báyìí ṣá, tí ìyàtọ̀ bá wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì, ibi tí ìgbẹ́ yẹn ti wá ló fà á.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ wá sí wọn lọ́kàn. Nǹkan méjì ni mo rí. Ti àkọ́kọ́ ni ti eku. Ní 2004, àwọn Jeffrey Gordon ní Washington University, ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, mú àwọn eku tí wọ́n tọ́ láìsí kòkòrò kankan nínú ìfun wọn, wọ́n wá fi bakitéríà inú ìfun eku lásán sí wọn nínú. Láàárín ọjọ́ 14, ọ̀rá ara àwọn eku yẹn fi nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í di etí sí ínsúlínì, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tún dín kù ni. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Torí gbogbo ayé ló ń sọ fún ẹni tó sanra pé oúnjẹ rẹ ti pọ̀ jù, eku wá sanra lórí oúnjẹ tó kéré.

Ìkejì wà nínú họsipítù AMC yẹn kan náà. Àwọn kan wà tí àńtíbáyótíìkì ti pa kòkòrò rere inú ìfun wọn, bakitéríà burúkú kan tí wọ́n ń pè ní C. diff á wá gba ilé, ìgbẹ́ gbuuru á máa ṣe wọ́n títí, oògùn á dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, á tún padà. Wọ́n fi ìgbẹ́ ẹni tára ẹ̀ le sí èèyàn 16 nínú, 13 nínú wọn rí ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí wọ́n tún un ṣe fún àwọn 3 tó kù, 2 tún rí ìwòsàn. Nínú àwọn 13 tí wọ́n fún ní vancomycin, àńtíbáyótíìkì tí wọ́n fi ń wo C. diff, nìkan, 4 péré ló bọ́. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ débi pé wọ́n dá ìwádìí yẹn dúró kó tó parí, èsì ẹ̀ jáde ní January 2013. Tí ẹ bá gbọ́ tẹ́nìkan ní ìgbẹ́ ń woni sàn, ti C. diff yìí ni, òótọ́ ni, mi ò ní jiyàn. Àwọn èèyàn kàn wá gbé orúkọ rere ẹ̀ wọ àtọ̀gbẹ lọ́rùn ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin wa. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́? Wọn ò kàn gún ìka kí wọ́n wo ṣúgà bí a ṣe ń ṣe nílé. Ọkùnrin yẹn á dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, dírípù méjì á wà lára ẹ̀. Ọ̀kan ń gbé ínsúlínì wọlé ní ìwọ̀n kan tí ò yí padà, èkejì ń gbé ṣúgà. Ínsúlínì ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara, dókítà sì ń fi dírípù ṣúgà dí i padà kó má bàa já wálẹ̀, wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò léraléra títí ṣúgà á fi dúró sójú kan. Tó bá jẹ́ ṣúgà díẹ̀ ló gbà kó tó dúró, á jẹ́ pé ara ẹni yẹn ò gbọ́ ohun tí ínsúlínì ń wí. Tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń rọ ṣúgà sí i tí ara ń gbé e mì, á jẹ́ pé etí ẹ̀ là.

Kí wọ́n tó fi ìgbẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ sí wọn nínú, ìwọ̀n ṣúgà tí ara wọn ń gbà wà ní 26.2. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ó di 45.3. Micromole fún kílò ara kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dí yín lọ́wọ́, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹran ara wọn ń gba ṣúgà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó gba ìgbẹ́ ara wọn padà ò rí irú ẹ̀. Kílò wọn ò dín kù o, bí wọ́n ṣe sanra wọlé náà ni wọ́n ṣe sanra jáde, kò sẹ́ni tó sáré lórí pápá, bẹ́ẹ̀ etí ara wọn là.

Nígbà tí wọ́n wo inú ìgbẹ́ wọn, oríṣi bakitéríà tó wà níbẹ̀ ti pọ̀ sí i, pàápàá àwọn tó ń ṣe butyrate. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyẹn díẹ̀. Oúnjẹ tá a jẹ tí ara wa ò lè dà, bí awọ ẹ̀wà, ewébẹ̀, èèpo ọkà, á sọ̀kalẹ̀ dé ìfun ńlá, ibẹ̀ làwọn bakitéríà kan ti ń jẹ ẹ́, tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán butyrate wà lára ohun tí wọ́n ń tú jáde. Ohun yẹn ni ara ìfun wa fi ń ṣe oúnjẹ, òun ni ò jẹ́ kí ògiri ìfun jò, tí ògiri bá sì ń jò, ìdọ̀tí bakitéríà á máa yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀, ara á máa wú sínú díẹ̀díẹ̀, wíwú yẹn sì wà lára ohun tí ń di ara létí sí ínsúlínì. Ó kéré tán, ọ̀nà tí wọ́n rò pé ó gbà ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ibí lẹ dúró sí, ẹ máa lọ ṣe voice note bíi ti ẹni yẹn ni. Èmi náà, ìgbà tí mo ka ibí tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ pe màmá mi lójú ẹsẹ̀.

Àmọ́ Amsterdam kan náà ò dúró. Wọ́n tún un ṣe, lọ́tẹ̀ yìí ọkùnrin 38, 26 gba ti ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, 12 gba tara wọn, wọ́n sì tẹ̀lé wọn kọjá ọ̀sẹ̀ 6. Ó jáde ní 2017. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ara wọn tún gbọ́ràn sí i, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kéré gan an sí ti 2012. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ 18, ó ti lọ. Gbogbo ẹ̀. Àwọn bakitéríà inú wọn ti padà sí bí wọ́n ṣe wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ó dùn mí, mi ò ní parọ́, bí ẹni pé ara mi ni wọ́n ti yọ ọ́. Àmọ́ nígbà tí mo fara balẹ̀, mo rí i pé ìwádìí 2017 yẹn kọ́ni ní nǹkan tí ti 2012 ò lè kọ́ni. Wọ́n wò ó pé kí ló dé tó fi mú àwọn kan lára, tí ò mú àwọn kan. Àwọn tó mú lára làwọn tí oríṣi bakitéríà inú ìfun wọn kéré láti ilẹ̀, tí ilé wọn ṣófo díẹ̀. Àwọn tí tiwọn ti kún, àlejò ò ráyè jókòó. Ìyẹn bá ọgbọ́n orí mu: ìfun èèyàn jọ agboolé tí onílé ti wà níbẹ̀ láti kékeré, ẹ lè fi omi fọ agboolé, àwọn onílé wà ní kọ̀rọ̀, tí ẹ bá sì ń se irú ọbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n á jáde, àlejò á kẹ́rù. Àwa náà kúkú ní, àlejò tó bá dà bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Bakitéríà tó wá láti inú ẹni tó ń jẹ ewébẹ̀ dáadáa, tẹ́ ẹ wá ń fi búrẹ́dì funfun àti mínírà ṣe é lálejò, kí ló fẹ́ dúró ṣe?

Àwọn ará Hong Kong gbìyànjú apá yẹn. Wọ́n lo àwọn tó sanra tó sì ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì gan an, èyí tí ara ti ń di etí sí ínsúlínì, èèyàn 61, wọ́n ń fi ìgbẹ́ sí àwọn kan lára wọn nínú lẹ́ẹ̀kan lóṣooṣù, wọ́n sì tún ṣètò oúnjẹ àti eré ìdárayá fún àwọn kan lára wọn. Ó jáde ní 2022. Bakitéríà dúró lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró pẹ́, ó sì dára jù lára àwọn tó pa á pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Cholesterol wọn, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, dára sí i, ẹ̀dọ̀ wọn náà rọ̀ sí i. Ṣúgà tí gbogbo wa ń wò kọ́ ló ṣẹ́gun níbẹ̀. Ní Boston, wọ́n lo kápúsù dípò rọ́bà imú, èèyàn 24 tó sanra, èsì jáde ní 2020, ara wọn ò gbọ́ràn sí ínsúlínì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nǹkan kan tún wà tó kan àwọn tó ń lo oògùn. Láti 2012 làwọn oníwádìí ní China ti yẹ ìgbẹ́ èèyàn 345 wò tí wọ́n rí i pé bakitéríà tó ń ṣe butyrate kéré nínú àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 2015, àwọn mìíràn kó ti Denmark, Sweden àti China pọ̀, wọ́n rí i pé apá tó pọ̀ nínú ìyàtọ̀ tí wọ́n ń sọ pé àtọ̀gbẹ ló fà, metformin ló fà á! Oògùn yẹn fúnra ẹ̀ ń tún agboolé yẹn tò. Nínú àwọn tí ò tíì lo oògùn, bakitéríà butyrate ṣì kéré, ìyẹn dúró. Àmọ́ ẹ wò ó, oògùn tí voice note ní kí màmá mi dà nù wà lára ohun tó ń bá àwọn bakitéríà inú ìfun wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, bóyá ibẹ̀ gan an ni apá kan agbára ẹ̀ wà.

Ẹni tó fúnni ní ìgbẹ́ náà ṣe pàtàkì, èyí sì yẹ kó máa ba ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú àti ṣe é nílé lẹ́rù. Ní 2020, Amsterdam tún gbé kan jáde: wọ́n fún àwọn kan ní ìgbẹ́ ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín àpò oúnjẹ kù, wọ́n fún àwọn kan ní ti ẹni tó sanra tí ara ẹ̀ ti di etí. Àwọn tó gba ti ẹni tó sanra, tiwọn tún burú sí i. Ohun rere lè bá ọ̀nà yẹn wọlé, ohun burúkú náà lè bá a wọlé. Ní June 2019, FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé èèyàn méjì tí ara wọn ò lágbára gba ìgbẹ́ ẹnìkan náà, bakitéríà E. coli tí àńtíbáyótíìkì ò ràn wà nínú ẹ̀, wọn ò tíì yẹ ìgbẹ́ yẹn wò fún irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kú. Họsipítù nìyẹn o, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ wọn. Èmi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnìkan lọ fi bùlẹ́ńdà ṣe é ní kíṣìnì.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni mo fi sẹ́yìn. Ó jáde ní 2021, Amsterdam náà ni, àmọ́ lórí àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, èyí tí ara fúnra ẹ̀ ń pa ibi tó ń ṣe ínsúlínì, tó sábà máa ń mú ọ̀dọ́. Wọ́n mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní i, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, ọmọ ọdún 18 sí 30. Láàárín oṣù 4, wọ́n fi ìgbẹ́ sí wọn nínú lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn 10 gba ti ẹni tára ẹ̀ le, àwọn 10 gba tara wọn. Wọ́n wá ń wọn C-peptide, ohun tó máa ń bá ínsúlínì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ara bá ṣe é fúnra ẹ̀, èyí tí èèyàn gún lábẹ́rẹ́ kì í ní in, ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ iye tó ṣẹ́ kù nínú ilé iṣẹ́ ínsúlínì ara.

Gbogbo èèyàn ló ń retí kí ti ẹni tára ẹ̀ le borí. Lẹ́yìn oṣù 12, àwọn tó gba ìgbẹ́ ara wọn ni ilé iṣẹ́ ínsúlínì wọn ṣì dúró dáadáa ju tàwọn yòókù lọ. Ìgbẹ́ ara wọn! Ohun tí wọ́n kà sí ẹgbẹ́ àfiwé lásán ní 2012, òun ló ṣe iṣẹ́ ní 2021. Lérò tèmi, ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ara mọ bakitéríà yẹn, ilé kan náà ni wọ́n ti dàgbà, gbígbé wọn láti ìfun ńlá lọ sí ìfun kékeré ló yí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara sọ padà, nígbà tí bakitéríà ẹlòmíràn jẹ́ àjèjì tí wọ́n á tún dìde sí. Kò sí ẹgbẹ́ kẹta tí wọn ò fi nǹkankan sí nínú, èèyàn 20 ò sì pọ̀, torí náà mi ò lè sọ fún ọ̀dọ́ kankan pé kó lọ ṣe é. Àwọn tó wà níbẹ̀ pàápàá ṣì ń gún ínsúlínì wọn.

Títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí, C. diff tó ń padà wá ni FDA fọwọ́ sí i fún, oògùn ìgbẹ́ Rebyota tí wọ́n ń gba ìdí fi sí i ní 2022, Vowst tó jẹ́ kápúsù ní 2023. Wọn ò fọwọ́ sí èyíkéyìí nínú wọn fún àtọ̀gbẹ.

Mo pe màmá mi lọ́jọ́ Sunday, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wọn bí mo ṣe kọ ọ́ síbí, ti eku, ti ògì, ti àlejò. Wọ́n dákẹ́ gbọ́ ọ. Nígbà tí mo sọ ti àwọn ọmọ tí wọ́n dá tara wọn padà fún, wọ́n ní, "Ṣé tèmi náà á wúlò fún mi nígbà yẹn?" Mo ní Màámi, oríṣi kìíní nìyẹn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ni, tiyín yàtọ̀, ti yín ti pẹ́, ẹ ṣì máa lo oògùn yín. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n wá bi mí pé àwọn bakitéríà tó ń ṣe butyrate yẹn, ṣé àwọn tòun ti kú tán ni àbí wọ́n ṣì kù díẹ̀, mo ní wọ́n á kù o, ebi ló kàn lè máa pa wọ́n, wọ́n ní ó yá, àwọn ti rẹ ẹ̀wà sómi láti àárọ̀.